Etí Verna àti Àwọn Onífèrè Idẹ

Bí èèyàn bá wọ pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú Kessler Harbor ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè idẹ bá wá díje, kó kàn gbójú sókè sí ìlà kejìdínlógún lórí àga irin gígùn, gẹ́ẹ́ ní ọ̀kánkán àárín pápá. Obìnrin àgbàlagbà kan á wà níbẹ̀ tó jókòó lé tìmùtìmù pupa, tó gbé ìwé kékeré lé itan, tó fi pẹ́ńsùlù há etí. Verna Stachowiak lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í bi í mọ́ pé ibo ló fẹ́ jókòó sí. Bí wọ́n bá ṣèèṣì ta àyè yẹn fún ẹlòmíràn, kí wọ́n yáa wá ohun tí wọ́n máa sọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ irin, ló mú un dání, torí pé Clement, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ti wọ ẹgbẹ́ Mariners tó jẹ́ ti ìlú wọn. Verna rò pé ńṣe làwọn kàn ń lọ dúró nínú oòrùn. Sọ́séèjì tí wọ́n fi búrẹ́dì dì ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ọgọ́ta ọmọkùnrin yíjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé fèrè sókè, wọ́n sì fọn ún. Ó ní sọ́séèjì bọ́ lọ́wọ́ òun, òun ò mọ̀. Ó ní kì í ṣe etí lòun fi gbọ́ ọ, egungun àyà lòun fi gbọ́ ọ.

Láyé ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ Mariners kì í gbé fèrè lé ọmọbìnrin lọ́wọ́. Àsíá ni wọ́n ń fún wọn gbé. Verna kò sì fẹ́ gbé àsíá. "Bí mi ò bá ní í fọn ún," ó wí fún ìyá rẹ̀, "màá jókòó, màá gbọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ọdún 1960 yẹn títí di ọdún 2023, ìgbà ooru kankan ò kọjá lórí rẹ̀ kó má lọ sí pápá, àfi ọdún tí àìsàn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó bọ́ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ìbọ̀wọ́ awọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló lò nídìí máṣíìnì, nínú gbọ̀ngàn kan tí ọgọ́rin máṣíìnì ti ń ké pọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí obìnrin kan bá fẹ́ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Verna máa ń ṣa àjákù awọ tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí, á fi rán ìbọ̀wọ́ funfun fún àwọn ọmọ Mariners, títí di ọdún 1983 tí ẹgbẹ́ náà fọ́, tí wọ́n sì ta àwọn fèrè rẹ̀.

Ambrose ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí rárá. Síbẹ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń fi mọ́tò gbé Verna láti pápá dé pápá, ní Wisconsin, ní Iowa, ní Illinois, láìwọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú mọ́tò ló máa ń jókòó sí, á yí rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù. Bí Verna bá jáde, á ní, "Ta ló gbà á?" Verna á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láti ẹnu géètì, kò sì ní í tán títí wọ́n á fi délé. Ambrose á wá ní, "Ó dáa o. Àwọn tèmi fìdí rẹmi." Ọdún 2009 ló kú. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, Verna fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ lọ. Ó ní nígbà tí òun jáde, òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò fúngbà díẹ̀ kí òun tó ṣí ilẹ̀kùn, torí ẹnu òun kún fún ọ̀rọ̀.

Ẹni tó kù tó ń bá a sọ̀rọ̀ pápá ni Lucius Merriweather. Rockford ní Illinois ni Lucius ń gbé, lẹ́tà ló ń pín kiri fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìlù ńlá ló ń lù nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àdúgbò rẹ̀. Ọdún 1994 ni tíkẹ́ẹ̀tì gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Verna, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń jà.

"Wò wọ́n," Verna á ní. "Wọ́n tún ti ń kó àkàbà àti ilẹ̀kùn jáde. Ṣé ìdíje ni wọ́n bá wá ni àbí wọ́n ń kó kúrò nílé?"

"Ìtàn ni wọ́n fẹ́ sọ."

"Ìtàn wo? Mo ka ìwé ètò wọn. Wọ́n ní ó dá lórí ẹni tó dá nìkan wà. Àádọ́jọ ọmọ ló wà lórí pápá, Lucius! Ta ló dá nìkan wà níbẹ̀?"

"Ó yé mi. Ìwọ ni kò yé."

"Ìwọ tó jẹ́ ìlù ńlá lo lù, kí ló lè yé ọ nípa orin? Gbì! Gbì!"

"Gbì yẹn náà ni àwọn onífèrè yín fi ń mọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé o, màdáámú."

Verna ní èrò tirẹ̀ lórí gbogbo nǹkan. Aṣọ wọn, ó ní ó ti dà bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́. Ìrìn wọn, ó ní wọn ò rìn mọ́, sísá ni wọ́n ń sá, bí ẹni tí oyin ń lé. Orin wọn, ó ní bàbá òun máa ń súfèé orin Mariners láti pápá délé, kí ẹnikẹ́ni súfèé ti ìsinsìnyí kí òun gbọ́. Èyí tó wá burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni gbohùngbohùn tí wọ́n ń gbé síwájú àwọn onílù, àti ẹ̀rọ olórin bíi kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń fi ohùn kún ohùn. "Ẹni tó ní ẹ̀dọ̀fóró," ó máa ń wí, "kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì?"

Ṣùgbọ́n bí Lucius bá ra sọ́séèjì àti wàràkàṣì díndín fún un, tó jẹ ẹ́ tán, tó nu ọwọ́, á rọra sọ pé, "Àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn ara Clement lọ. Ká má purọ́. Tó o bá sọ pé mo wí bẹ́ẹ̀, màá sọ pé n kò mọ̀ ọ́ rí."

Nígbà tó di bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹjọ́ tuntun kan wọ ẹnu rẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ ò fọn fèrè jáde mọ́. Ó ní àyà àwọn ọmọ ti rọ̀. Nínú ìwé kékeré rẹ̀ tó ti máa ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀ kí àwọn adájọ́ tó kéde tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ sí iwájú orúkọ gbogbo wọn: jẹ́jẹ́ jù. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ọmọ yín lóúnjẹ kí wọ́n tó wọ pápá." Àwọn yẹn kọ èsì pé àwọn dúpẹ́.

Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ Tamarack wá láti Minnesota. Nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn tán, Verna sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ọgbà onírin tí àwọn ọmọ náà ń gbà jáde. Ó rí ọmọbìnrin kan tó ń ti ẹ̀rọ olórin náà bọ̀ lórí táyà. Tamsin Okerlund lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, òógùn bò ó.

"Ọmọ mi, ìwọ lò ń tẹ ẹ̀rọ yẹn?"

"Èmi ni mà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá wò wá."

"Ẹ̀rọ ẹ yìí ló pa àwọn fèrè lẹ́nu mọ́. Láyé tiwa, bí onífèrè bá kọjú sí ọ, fìlà á ṣí lórí ẹ. Lónìí, kùn-ùn kùn-ùn ni mo kàn ń gbọ́, bí oyin tí wọ́n dé mọ́nú ìgò."

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. "Mà, ẹ máà bínú o. Mo ń wò yín lókè láti ibi tí mo dúró sí. Ọkùnrin tó jókòó níwájú yín fi ìka di etí ẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ẹ̀ ń sunkún nítorí ariwo."

"Ariwo wo?"

Lucius tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bá dá sí i. "Verna, òótọ́ ló sọ. Èmi gan-an, etí mi ṣì ń hó báyìí. Kì í ṣe àwọn ọmọ. Etí ẹ ni."

Àwọn èèyàn tó wà nídìí ọgbà yíjú pa dà. Ojú Verna pọ́n.

"Etí ta ni? Etí tó ti ń gbọ́ fèrè kó o tó mọ ọ̀nà ìlú yìí? Lucius, ta ló rán ọ sí mi?"

Ó gbé tìmùtìmù rẹ̀, ó wọ mọ́tò. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ẹni tó gbà á.

Ní oṣù Keje ọdún kejì, àga rẹ̀ ṣófo. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé tòmátì òun ń so gan-an lọ́dún yìí, kò sí àyè. Lọ́jọ́ ìdíje náà, ó ń fa koríko láàárín tòmátì tó ti mọ́ tónítóní látàárọ̀. Pápá kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ju máìlì kan lọ, atẹ́gùn adágún omi etí ìlú sì máa ń gbé ohùn fèrè dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó nàró, ó dúró, ó ń retí rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé atẹ́gùn ò fẹ́ síhìn-ín lónìí. Ṣùgbọ́n ó rí i bí ewé tòmátì ṣe ń fì wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́tà kan dé láti Rockford.

"Verna," Lucius kọ ọ́, "àga rẹ ṣófo, mo gbé báàgì mi lé e kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo pè ọ́ lórí fóònù, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo ń dáhùn ohun tí n kò bi ọ́. Mo wá rántí pé iṣẹ́ lẹ́tà ni mo fi jẹun, lẹ́tà kì í sì í wá etí. N kò bẹ̀ ọ́ fún ohun tí mo sọ, torí òótọ́ ni. Mo bẹ̀ ọ́ fún pé mo sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn. Ìyẹn kò dáa, ìyá mi ì bá nà mí."

Verna ka lẹ́tà náà, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àwo lórí tábìlì. Kò dá a lóhùn.

Oṣù Kẹsàn-án ni nǹkan tó là á lójú ṣẹlẹ̀. Kẹ́tù tó máa ń súfèé bí omi bá hó ló gbé kaná láàárọ̀, ló bá jókòó sídìí tábìlì, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó ka ojú ìwé kìíní, ó ka ìkejì, ó ka àwọn tó kú. Òórùn irin tó ń jó ló gbé orí rẹ̀ sókè. Omi ti gbẹ tán, ìdí kẹ́tù ti pọ́n bí ẹyin iná. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ láàárín òun àti kẹ́tù náà, ó sì ti súfèé títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Verna paná, ó ṣí fèrèsé, ó sì jókòó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fèrè mọ́, ọ̀rọ̀ ilé tó lè jóná mọ́ èèyàn lórí ni.

Dókítà etí tó lọ bá jẹ́ obìnrin tó kéré sí i púpọ̀. Ó fi Verna sínú yàrá kékeré kan, ó fi nǹkan bò ó létí, ó fún un ní bọ́tìnnì kan lọ́wọ́. "Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn, kódà kó kéré bí i ti kòkòrò, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, mà." Verna di bọ́tìnnì mú, ó ń retí. Ó dúró, dúró. Ó gbọ́ ohùn kan tó nípọn, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ìkejì, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tún dúró títí ó fi sú u, ó bá yọjú sí dókítà láti ojú gíláàsì.

"Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ èyí tó kù?"

"A ti parí mà," dókítà wí. "Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń fi ohùn ránṣẹ́."

Dókítà fi àwòrán kan hàn án. Ó ní àwọn ohùn tó nípọn ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè, wọ́n ti lọ, wọn ò sì ní í pa dà. "Iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, mà?"

Verna sọ fún un. Dókítà mi orí, ó ní ariwo máṣíìnì wọ̀nyẹn ló ba etí náà jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó mú ẹ̀rọ kékeré méjì tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ràn jáde, tí kò tóbi ju wóró ẹ̀wà lọ. Verna bi í pé báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Ó rọrùn, mà. Gbohùngbohùn kékeré kan wà nínú rẹ̀, òun ló ń gbé ohùn, á wá..."

"Kí lo pè é?"

"Gbohùngbohùn, mà."

Verna bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi bu omi fún un.

Nígbà tó délé, ó gbé fóònù, ó pe Rockford. Ó ti lé lọ́dún kan tí òun àti Lucius ti jọ sọ̀rọ̀ gidi kẹ́yìn.

"Lucius, wọ́n ti fi gbohùngbohùn sí mi létí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lápá ibẹ̀, ó ń lọ sókè, ó di ikọ́, ó tún di ẹ̀rín. "Verna! Ìwọ! Kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì?"

"Bátìrì ni," Verna wí. "Kì í ṣe iná. Rẹ́rìn-ín tán, mo ń gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́."

Kò dùn ún lò lákọ̀ọ́kọ́. Omi ẹ̀rọ ń dún bí ẹni ń da òkúta. Aago ara ògiri tó ti rò pé ó kú ti ń ṣiṣẹ́ lọ láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí yìnyín bọ́, ó gbọ́ bó ṣe ń rún lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó dúró, ó tún rìn ín pa dà. Ìgbà míì ó máa ń bọ́ ẹ̀rọ náà sínú àpótí fún odindi ọjọ́ mẹ́ta torí ariwo àwo nínú ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń fi í pa dà sétí. Ó ní bí òun kò bá fi kọ́ etí òun nígbà òtútù, fèrè á ya òun ní wèrè nígbà ooru.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, Lucius ní kí àwọn má dúró de ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán ni wọ́n lọ, sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń múra, lábẹ́ àwọn igi ńlá, tí kò sí gbohùngbohùn kankan. Lucius gbé àga alágbèéká méjì dání. Àwọn onífèrè Tamarack ti tò ní ìlàjì òbìrìkìtì, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé àti fìlà, oòrùn ti sọ apá wọn di pupa. Olùkọ́ wọn gbé ọwọ́ sókè.

Verna ti di ọwọ́ àga mú, ó ń dúró de ariwo. Ariwo kọ́ ló dé. Gbogbo wọn kọ́kọ́ mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́rin ẹnu, bí ìgbà tí omi adágún bá fà sẹ́yìn lórí iyanrìn. Ó ti gbàgbé èémí yẹn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti kúrò létí òun, torí ta ló ń ka èémí mọ́ orin? Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọn ohùn kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, wọ́n dì í mú, ó ń fẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ láti inú ohùn tó nípọn bí ewé tó ń yọ lára ẹ̀ka.

Kò sunkún. Obìnrin tí kì í sunkún níta ni. Ó kàn fọwọ́ lé apá Lucius, kò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi sọ fèrè kalẹ̀.

"Jẹ́jẹ́ jù," Lucius wí.

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Nígbà tí wọ́n tú ká láti lọ mu omi, Verna rí Tamsin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń to wáyà. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ọdún tó máa lò kẹ́yìn nìyẹn, torí wọn kì í gbà wọ́n mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dá Verna mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì gbéra bí ẹni tó fẹ́ gba ìbáwí.

"Jókòó, jókòó," Verna wí. "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́sí, etí mi ló ṣàìsàn, mo wá lọ gbé ẹ̀bi ẹ̀ rù ẹ́. Má bínú."

"Ẹ̀yin náà ẹ má bínú, mà. Mo rò pé bóyá mo yájú sí yín ni."

"O ò yájú. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi, kí ìyẹn tó dá sí i." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Lucius. "Ṣùgbọ́n ìdajì ni mo fi bẹ̀ ọ́ o. Ti ẹ̀rọ yẹn, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀."

Tamsin rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà tèmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀. Ó ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín."

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gun ìlà kejìdínlógún. Ẹgbẹ́ mẹ́ta kọjá, Verna ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ìkẹrin kọjú sí wọn, tí àwọn onílù àti onífèrè àti ẹ̀rọ gbé ohùn sókè pọ̀, Verna fò sókè lórí tìmùtìmù, ó fa ohun tó wà létí rẹ̀ yọ.

"Kí ló dé?" Lucius bi í.

"Ó pariwo jù!"

Lucius gbórí lé orókún, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin tó wà níwájú wọn yíjú pa dà láti mọ ohun tó ń ṣe àwọn arúgbó méjì yìí. Tamarack ló gbé ipò kejì. Ipò kìíní ni Verna fi wọ́n sí, ó sì ní àwọn adájọ́ náà ló yẹ kí wọ́n lọ rí dókítà etí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fóònù dún, ó sì gbọ́ ọ láti inú ọgbà.

"Ìdíje kan wà ní Iowa lọ́sẹ̀ méjì sí i," Lucius wí. "Mo lè wá gbé ọ."

"Ojú ẹ ti di bàìbàì, Lucius. Èmi ni màá wa ọkọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Mo rí i bó o ṣe ń ka ìwé ètò lọ́jọ́ yẹn. O gbé e mọ́jú débi pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́."

"Ó dáa tó ò sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn," Lucius wí. "Aago wo la máa gbéra?"

"Aago mẹ́sàn-án. Màá se ànàmọ́ àti ẹyin dání, ká jẹ ẹ́ ní tútù. Gbé àga wá."